Ọwọ́ Òsì Nínú Káàdì Alhaja

Màmá Mutmainah ò tíì kírun àárọ̀ tán tí Mutmainah ti yọ́ jáde nílé, bàsíà ewé lórí, ike sóbólò lọ́wọ́. Ewé kókò ni o, èyí táwọn ará Accra ń pè ní kontómírè, tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀. Ewé ọ̀hún tutù yọ̀yọ̀, ó fẹ̀ bí etí erin, ó sì ń jó lórí rẹ̀ bó ṣe ń rìn. Gbogbo ẹni tó pàdé ní Kotobabi ló ń bi í pé èló ló ń tà á.

"Ẹ má bínú, kì í ṣe títà," ni Mutmainah ń dá wọn lóhùn. "Ọkàn ni."

Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dúró sójú kan, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wò ó títí ó fi yà ní kọ́nà.

Ẹ má dá obìnrin yẹn lẹ́bi. Àmọ́ ẹ mú ewé kókò kan, ẹ gé igi ìdí rẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá wò ó dáadáa. Ṣé ẹ rí i? Òkè rẹ̀ là sí méjì rúbútú-rúbútú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe ṣónṣó. Àwòrán ọkàn gan-an ni, irú èyí tí wọ́n máa ń yà sára káàdì ìfẹ́! Ó ti pẹ́ tí Mutmainah ti ń wá ohun tó máa fi ṣe ọkàn fáwọn ọmọ kéékèèké tí wọn ò tíì lè di sísọ́ọ̀sì mú. Ó wá di alẹ́ ọjọ́ kan tó ń bá màmá rẹ̀ ṣa ẹ̀fọ́, ló bá fò sókè, ó pariwo, "Ọkàn!" Màmá rẹ̀ rò pé ejò ló rí, ló bá da omi ẹ̀fọ́ sí i lára.

Ohun tó ń lé e sáré ni pé ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ti dé. Ibòmíì, ọjọ́ olólùfẹ́ nìyẹn. Àmọ́ ilẹ̀ kókó ni Ghana, wọ́n ti sọ ọ́ di ọjọ́ ṣokoléètì, tọmọdé tàgbà ló ń jẹ ẹ́. Ní jẹ́léósinmi Madam Adéníkẹ́ tó wà l'Alajo, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é. Àwọn òbí á wá, àwọn ọmọ á jẹ ṣokoléètì, wọ́n á sì fún àwọn òbí wọn ní káàdì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe. Mutmainah kì í ṣe tíṣà gangan o. Igbákejì tíṣà ni, ẹni tó ń nu imú ọmọ, tó ń wá ẹsẹ̀ bàtà kejì. Ṣùgbọ́n tíṣà tó ni Kíláàsì Labalábá ti bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Kumasi, Madam sì ti pe Mutmainah sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mutmainah, mi ò ní ohunkóhun sí ẹ, o mọ̀," ni Madam wí. "Àmọ́ ọmọbìnrin kan ń bẹ ní Darkuman tó ní sátífíkéètì, iṣẹ́ yìí sì ń wù ú bí oúnjẹ. Lọ ṣe ọjọ́ ṣokoléètì fún mi kí n rí i. Tó bá dùn, ìwọ lo ni Labalábá. Tó bá bàjẹ́, o mọ ọ̀nà ìsọ̀ màmá ẹ."

Áà, ìsọ̀ màmá ẹ̀! Prófísọ̀n ni màmá Mutmainah ń tà lọ́jà Kotobabi: mílíìkì, ṣúgà, tòmátò inú agolo. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí kí ọmọ rẹ̀ fi àwọn ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ kó wá jókòó tì í. Ó ti ra àga tí Mutmainah máa jókòó lé sílẹ̀ pàápàá! Àga tuntun, aláwọ̀ ewé, ọ̀rá ṣì wà lára ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Mutmainah bá ti rí àga yẹn, ńṣe ni ara rẹ̀ máa ń bù máṣọ.

Bó ṣe dé ẹnu géètì, Madam Adéníkẹ́ ló kọ́kọ́ bá pàdé.

"Kí ló dé? Ṣé ìyàn mú ni, àbí a fẹ́ se ọbẹ̀?"

"Ọkàn ni, Madam. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Tèmi ò balẹ̀ o," ni Madam wí. "Alhaja Fàdílátù ń bọ̀. Ó ní òun gan-an ló máa wá gba káàdì Àyìndé. Mutmainah, Alhaja o!"

Kò sẹ́ni tí ò mọ Alhaja Fàdílátù láti Kotobabi dé Alajo. Aṣọ ló ń tà, eyín góòlù kan ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ti pẹ́ ní Accra débi pé àwọn tó bá lọ́jà ti darúgbó. Ilé-ìwé tí Alhaja bá mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ, ibẹ̀ làwọn ìyálọ́jà tó kù máa mú tiwọn lọ. Tó bá sì mú un kúrò, àwọn náà á tẹ̀ lé e. Alhaja sì ti sọ tẹnu ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé, "Mi ò fẹ́ gbọ́ Falẹntáìnì kankan o. Ẹ̀kọ́ ilé ni kẹ́ ẹ fún ọmọ mi. Tí ò bá ti sí ẹ̀kọ́ ilé níbẹ̀, mo ń mú un lọ."

Ó dáa. Mutmainah wọ Kíláàsì Labalábá, ó sọ bàsíà kalẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì ya ọkàn ràgàjì-ràgàjì káàkiri ilẹ̀. Báyìí làwọn ọmọ rọ́ wọlé! Ó tan orin lórí fóònù rẹ̀. Tí orin bá ń lọ, kí wọ́n máa jó. Tí orin bá dúró, kí kálukú bẹ́ sínú ọkàn kan. Ó rọrùn, àbí? Àmọ́ gbogbo wọn ló ń bẹ́ sínú ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n dìrọ̀ mọ́ra wọn bí ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń pariwo.

"Ọkàn mìíràn pọ̀ nílẹ̀ o!" ni Mutmainah ń ké.

"Èyí ló dùn jù!" ni Àyìndé fi dá a lóhùn láti abẹ́ àwọn tó kù. Ọmọ-ọmọ Alhaja nìyẹn, eyín iwájú kan ti yọ, ojora ò sí lára ẹ̀ rárá.

Nígbà tí wọ́n jó tán, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, Mutmainah ní kí kálukú fọwọ́ lé àyà. Kíláàsì pa rọ́rọ́. Ojú Bùkọ́lá kékeré là rekete.

"Àǹtí! Ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn nínú mi!"

"Ọkàn ẹ nìyẹn."

"Ṣé kí n ṣí i fún un?"

"Rárá, jẹ́ kó máa kàn án bẹ́ẹ̀."

"Tèmi ò kanlẹ̀kùn," ni Sàká wí. Ikùn ló gbọ́wọ́ lé. "Tèmi ń kùn."

"Ebi nìyẹn, Sàká."

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n bọ́ sórí ewé. Mutmainah ti fi ògì ẹ̀gẹ́ po sóbólò, omi ìṣápá pupa tí wọ́n ń pè ní zóbò ní Nàìjíríà, ó sì ti ki bí ọ̀dà. Ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ó mọ àwọn ọmọ ẹ̀: ohunkóhun tó bá pupa, wọ́n á lá a. Lóòótọ́, kí wọ́n tó tẹ ewé àkọ́kọ́ mọ́ ìwé, ètè Naa ti pupa. Ọmọ Ga ni Naa, Yorùbá ẹnu rẹ̀ ò ju "mo fẹ́" àti "kò tó" lọ, àmọ́ àwọn yẹn náà tó o lò.

Wọ́n ń ti ewé bọ ọ̀dà, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú káàdì, pà! Tí wọ́n bá ṣí i, ọkàn pupa á yọ, pẹ̀lú gbogbo iṣan ewé nínú rẹ̀ bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ń sáré níbẹ̀. Ó rẹwà débi pé Mutmainah fẹ́ sunkún.

"Àǹtí, ó jọ ìdí," ni Àyìndé wí.

"Kí ló jọ ìdí?"

"Ọkàn yìí. Tẹ́ ẹ bá dorí ẹ̀ kodò."

Gbogbo kíláàsì dorí káàdì kodò lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wò ó. Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rín tó ṣẹ́yọ níbẹ̀, ó tó èyí tó lè ká òrùlé. Mutmainah ń gbìyànjú láti fajúro, "Àyìndé, a kì í sọ bẹ́ẹ̀," àmọ́ òun náà ti yọ́jú wo káàdì, ó sì ti rí i pé ìdí ni lóòótọ́. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó jókòó sórí ewé tó kún fún ọ̀dà. Bó ṣe dìde, ọkàn pupa kan ti wà lẹ́yìn yẹ̀rì rẹ̀ gẹ́lẹ́, níbi tó yẹ kó wà. Ẹ jẹ́ kí n má sọ bí àwọn ọmọ yẹn ṣe rẹ́rìn-ín.

Ó wá ku inú káàdì. Ọwọ́ ọmọ ló máa wà níbẹ̀, kí ìyá rí bí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ṣe kéré tó lọ́dún yìí. Ibí gan-an ni Mutmainah ti gbọ́n ju ara rẹ̀ lọ. Ó ronú pé tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ṣokoléètì ló kàn. Ṣé ọwọ́ tó ti bọ ọ̀dà ni wọ́n á fi jẹun ni? Ilé tí wọ́n ti tọ́ Mutmainah, ọ̀tún ni ọwọ́ oúnjẹ. Ọjọ́ tó bá fi òsì kan àwo, àfàìmọ̀ kí ṣíbí màmá rẹ̀ má dún lórí ọwọ́ náà kó! Ló bá pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀yin Labalábá! Ẹ gbé ọ̀tún sókè! Kí ló wà fún?"

"Oúnjẹ!"

"Ẹ fi pamọ́ sẹ́yìn! Ọ̀dà ò gbọdọ̀ kàn án o! Ó yá, ẹ mú òsì wá!"

Wọ́n káwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn bí ọ̀gá ṣọ́jà, wọ́n ki òsì bọ ọ̀dà, pà, pà, pà! Kò sẹ́ni tó ṣàṣìṣe. Àní Sàká, tó máa ń wọ bàtà sódì, òsì lòun náà lò. Inú Mutmainah dùn, ó sá káàdì sórí okùn lẹ́bàá fèrèsé, ó fọ òsì àwọn ọmọ, ó dúró, ó sì ń wo àwọn ọwọ́ pupa wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ yẹn bí wọ́n ṣe ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti ń kí ọmọ Darkuman pé ó dàbọ̀.

Madam ló já wọlé.

"Mutmainah! Iná ti lọ o!"

Dúmsọ̀ ti dé nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń pe iná tó ń lọ tó ń bọ̀ l'Accra. Ṣokoléètì inú fíríìjì sì ti ń rọ̀. Ooru oṣù kejì, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n.

"Fún wọn kíá kó tó di ọbẹ̀," ni Madam wí. "Àwọn òbí ti wà ní géètì!"

Kíá ni wọ́n pín in. Kálukú na ọwọ́ ọ̀tún, ó mọ́ tónítóní, ṣokoléètì bọ́ sínú ẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lójú ẹsẹ̀. Mutmainah fi káàdì lé ọwọ́ kejì wọn. Ibẹ̀ ni àwọn òbí ti wọlé, àwọn ìyá tó tọjà wá, bàbá Naa tó ń fi tróótróó kérò tó sì páàkì ọkọ̀ sí ẹnu géètì gan-an. Alhaja Fàdílátù ló ṣáájú gbogbo wọn, híjáàbù funfun báláú, òórùn tùràrí ń tẹ̀ lé e. Ó jókòó síwájú. Wọ́n ò tíì ní kó jókòó o, àmọ́ ta ló máa sọ fún un?

"Àyìndé, olówó orí mi," ni Alhaja wí, "kí lo mú wá fún ìyàwó ẹ?"

Àyìndé jáde tìlù-tìfọn. Ṣokoléètì wà ní ọ̀tún, káàdì wà ní òsì. Ẹ̀yin náà ẹ ti mọ èyí tó nà síwájú.

Alhaja fa ọwọ́ padà bí ẹni iná jó.

"Ọwọ́ wo nìyẹn?"

"Òsì!" Ó dá a lójú gan-an ni o, inú rẹ̀ sì dùn pé òun mọ̀ ọ́n.

"Òsì! Ọwọ́ wo la fi ń fún àgbà ní nǹkan, Àyìndé?"

Àyìndé ronú. Ó wo ṣokoléètì. Ó wo ìyá àgbà. Ó wá gbé gbogbo ṣokoléètì jù sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ti ọ̀kẹ́rẹ́, ó gba káàdì sí ọ̀tún, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Alhaja rẹ́rìn-ín, eyín góòlù yọ. Mutmainah tó ti há èémí mọ́ àyà mí kanlẹ̀.

Alhaja wo ọkàn iwájú, ó ní ó dáa. Ó ṣí i.

"Ẹ wo ọwọ́ ọkọ mi! Ẹ wò ó bó ṣe rí bínńtín!"

Ó fẹ́ bá a bọwọ́. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ lé ọwọ́ pupa yẹn, jẹ́jẹ́. Àwọn ìka bá ara wọn, àmọ́ àtàǹpàkò ò bá ara wọn. Tirẹ̀ wà lápá ibí, ti káàdì wà lápá ọ̀hún. Alhaja gbé ọwọ́ kúrò, ó tún gbé e lé e. Ó dorí káàdì kodò. Ó yọ dígí ojú, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

"Mutmainah."

"Mà?"

"Ọwọ́ wo rèé?"

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Mutmainah. Ó kọjú sí okùn tí wọ́n ti sá káàdì, bí ẹni pé àwọn tó kù ṣì wà níbẹ̀, bí ẹni pé ó lè rí wọn kó pamọ́. Kó tó lanu, Àyìndé ti fi ẹnu tó kún dáhùn.

"Òsì ni! Àǹtí ní ọ̀tún ò gbọdọ̀ kàn án!"

Ni ìwé bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún wúruwùru, tí gbogbo òbí ń ṣí tiwọn.

"Tèmi náà òsì ni!"

"Ha, òsì lèmi náà!"

"Ei! Benkum!" ni bàbá Naa ń ké. Orúkọ òsì ní Twi nìyẹn. Ẹ̀rín pa á débi tó fi di ògiri mú. "Madam, mo san owó ilé-ìwé, ọmọ mi fi benkum kí mi!"

Àmọ́ Alhaja ò rẹ́rìn-ín, Madam Adéníkẹ́ ò sì rẹ́rìn-ín.

"Gbogbo ẹ̀?" ni Madam bi í wúyẹ́wúyẹ́.

"Gbogbo ẹ̀, Madam."

"Kò sí ẹyọ kan tó ṣèèṣì lo ọ̀tún?"

"Mo ṣọ́ wọn dáadáa ni," ni Mutmainah wí.

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni," ni Alhaja wí, ó ń mi káàdì lọ́wọ́. "Ìyá bàbá ẹni la wá fẹ́ fi kí! Ẹ̀kọ́ ilé ni mo ní kẹ́ ẹ kọ́ ọ! Ibo ni mo fẹ́ gbé èyí kọ́? Inú ṣọ́ọ̀bù? Káwọn oníbàárà wọlé wá rí i pé ọmọ-ọmọ mi fọwọ́ òsì kí mi, mo sì tún gbé e kọ́gi?"

Mutmainah ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Àga aláwọ̀ ewé yẹn ti yọ sí i lójú inú pẹ̀lú ọ̀rá ara ẹ̀.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, àṣìṣe mi ni, kì í ṣe tàwọn ọmọ. Oúnjẹ ni mo rò. Mo ní kí ọ̀dà má bàa kan ọwọ́ tí wọ́n fi ń jẹun. Màámi ò jẹ́ kí n fọwọ́ òsì jẹun rí, òun ló wà lórí mi. Mi ò ronú dé ìkíni rárá."

"Ta ni màmá ẹ?"

"Ìyá Mutmainah, oníprófísọ̀n, ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí."

Alhaja wò ó láti òkè délẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n. Ó kọ́ ẹ dáadáa. Àmọ́ ìdajì ló kọ́ ẹ."

Àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn ṣe "hẹn-ẹn". Madam ti ń ṣí ẹnu. Ó hàn pé ọ̀rọ̀ Darkuman ló fẹ́ jáde níbẹ̀. Mutmainah sì ń wo káàdì tó ṣí sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ Alhaja. Ó wo ọwọ́ òsì yẹn, bó ṣe dá wà láàárín ìwé ńlá, tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdajì. Ìdajì ni lóòótọ́ kẹ̀! Ó gbójú sókè báyìí, ó rí i táwọn ìyá ti ń yọ áńkáṣíìfù jáde láti nu ọwọ́ ọ̀tún àwọn ọmọ wọn, ọwọ́ tó ti dúdú mìnìjọ̀ fún ṣokoléètì tó yọ́.

"Ẹ dúró!" Ó fò dìde tó bẹ́ẹ̀ tí Alhaja fi di àga mú. "Ẹ má nù ún! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ má nu ọwọ́ kankan! Ẹ mú áńkáṣíìfù yẹn kúrò, Ìyá Sàká!"

"Ṣé orí ẹ pé?" ni Madam bi í.

"Alhaja, ẹ bá mi di káàdì mú. Àyìndé, wá. Mú ọ̀tún wá."

"Ẹ ní ọ̀tún ò gbọdọ̀ kàn án."

"Mo ti pa á rẹ́. Mú un wá!"

Àyìndé na ọ̀tún. Ṣokoléètì ti dé ọrùn ọwọ́. Mutmainah di ọwọ́ náà mú, ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ òsì pupa yẹn, ìdí àtẹ́lẹwọ́ pàdé ìdí àtẹ́lẹwọ́ nísàlẹ̀, àwọn ìka sì ya kúrò lára wọn lókè. Ó tẹ̀ ẹ́. Pà! Ó gbé e kúrò.

"Ẹ gbé e jìnnà díẹ̀, Alhaja."

Alhaja na apá síwájú. Ọkàn ni! Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe ṣónṣó, òkè rẹ̀ là sí méjì, ẹ̀gbẹ́ kan pupa, ẹ̀gbẹ́ kan dúdú, ìka wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ yí i ká bí ìtànṣán oòrùn. Alhaja rọra gbé ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ lé ọ̀tún ṣokoléètì. Àtàǹpàkò bá àtàǹpàkò.

Ó wo káàdì, ó wo Àyìndé, ó tún wo káàdì, títí tí Mutmainah fi rò pé ó ti tán fóun. Lẹ́yìn náà ni Alhaja gbọnrí.

"Ọ̀tún we òsì," ló wí.

"Òsì we ọ̀tún!" làwọn ìyá fi gbè é, "lọwọ́ fi ń mọ́!"

"Kí ni wọ́n ń sọ? Kí ni wọ́n ń sọ?" ni bàbá Naa ń bèèrè. Ẹnì kan túmọ̀ òwe ọ̀hún fún un ní Twi. "Ei!" ló wí, ó sì gbé Naa sókè pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. "Àǹtí, ṣe tiwa! Kíá, ọmọ yìí ti ń lá a!"

Kí la wá ń wí? Ariwo gba kíláàsì. Gbogbo òbí ló ń gbé ọmọ wá, gbogbo ọmọ ló ń na ọ̀tún, Mutmainah ń tẹ̀ ẹ́, pà, pà, ó ń sá láti ibí lọ sí ọ̀hún pẹ̀lú ọkàn pupa lẹ́yìn yẹ̀rì. Bùkọ́lá ti lá tiẹ̀ tán kó tó kàn án, ó ń sunkún. Àyìndé wá bá a, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ pa á lọ́wọ́, ó ní, "Gbà, tèmi pọ̀." Ìyá Sàká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yin káàdì rẹ̀ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Sàká yọ ahọ́n síta, ó lá a.

"Sàká! Àtàǹpàkò dà?"

"Ó dùn," ni Sàká wí.

"Èèrà máa kó bo èyí lálẹ́ òní o," ni Alhaja wí. Àmọ́ ó di káàdì náà mú lókè kí àwọn ọmọ má bàa dé ibẹ̀.

"Ẹ gbé e sínú fíríìjì, Alhaja."

"Iná wo ló wà?"

Ẹ̀rín tún sọ. Madam Adéníkẹ́ nìkan ló ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera, ó ń wo ògiri tó ti kún fún ṣokoléètì. Alhaja kọjú sí i.

"Adéníkẹ́."

"Mà."

"Ta ló ni kíláàsì yìí?"

Madam wo Mutmainah. Ọ̀dà wà ní imú rẹ̀, ṣokoléètì wà létí híjáàbù rẹ̀, ọmọ kan sì rọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àyà Mutmainah ń lù kìkì. Ó ń wo ẹnu Madam bí ẹni ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó.

"Òun ni," ni Madam wí.

"Mà?" ni Mutmainah wí.

"Ìwọ ni, mo wí! Ìwọ lo ni wọ́n, ìwọ náà lo sì máa fọ ògiri yìí. Ta ló tún máa gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹ? Ọmọ Darkuman yẹn ò lè ṣe òṣì báyìí láéláé."

Mutmainah ké! Ẹ ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ó gbé Bùkọ́lá, ó fò sókè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún fò. Bí àwọn ọmọ ṣe rí i pé tíṣà ń fò, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í fò, wọn ò mọ ìdí, wọn ò sì bèèrè. Bàbá Naa náà ń fò. Níta, ẹnì kan ti ń fun fèrè ọkọ̀ pé kí ọlọ́kọ̀ wá kúrò lójú géètì.

Alhaja dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì tí ọ̀dà àti ṣokoléètì ti kàn síwájú, pupa ní ibí, dúdú ní ibẹ̀, híjáàbù funfun rẹ̀ sì wà nínú ewu.

"Ó dáa, Tíṣà," ló wí. "Omi dà? Ọwọ́ wo la máa kọ́kọ́ fọ̀?"

Gbogbo Labalábá yíjú sí Mutmainah, ọwọ́ wọn wà lókè, wọ́n ń retí àṣẹ. Mutmainah ya ẹnu láti dáhùn. Ó tún un rò. Ó tún un rò dáadáa.

"Méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, Alhaja!"

Wọ́n sì sáré lọ sídìí ìkòkò omi, gbogbo wọn, gìrìgìrì, Àyìndé ló ṣáájú.